Ewé wo ni kí n fún aláǹgbá onírùngbọ̀n ọmọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. London la wà. Ọmọ mi ọkùnrin, Kòrede, ọmọ ọdún 11, ní bearded dragon kan tó ti pé ọdún méjì. Mo gbin basil sójú fèrèsé kíṣìnnì, mo sì rí i pé ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ìyá mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú ní kí n máa fún un ní ewúro àti omi ẹfinrin, nítorí pé láti oṣù kọkànlá ni kò ti jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n ní aràn ló wà níkùn rẹ̀. Parsley, coriander, mint àti táìmù náà wà nílé. Èwo ni mo lè fún un tí kò ní pa á lára, báwo ni kí n sì ṣe fún un? Ìyá Kòrede.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Ìyá Kòrede. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ ní mo ní wọ́n kú ìrìn, wọ́n sì kú òtútù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ẹ bèèrè, kí àlàyé tó tẹ̀ lé e. Basil ojú fèrèsé yín dára, ẹ máa fún un lọ. Coriander náà dára. Parsley, ẹ máa fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mint àti táìmù tútù, ewé kan tàbí méjì péré, kó má sì jẹ́ ojoojúmọ́. Ewúro, ẹ má fún un. Omi ẹfinrin, yálà ẹ gún un ni tàbí ẹ sè é, ẹ má fún un. Ohunkóhun tó bá sì jẹ́ ìran àlùbọ́sà, ìyẹn áyù, leek àti chives, kó má dé inú àwo rẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ díẹ̀. Ní ti pé kò jẹun láti oṣù kọkànlá, kò sí ewé tó máa yanjú ìyẹn. Màá dé ibẹ̀.

Aláǹgbá onírùngbọ̀n yìí kò jìnnà sí wa tó bí èèyàn ṣe lè rò. Ìdílé kan náà lòun àti aláǹgbá tó ń mi orí lára ògiri ilé Màmá ní Ìjẹ̀bú. Agamidae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé náà, òun náà sì máa ń mi orí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àárín gbùngbùn Ọsirélíà ni ilẹ̀ baba rẹ̀, níbi tí òjò ti wọ́n, tí oòrùn sì ń jó ilẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ kì í gbà kí wọ́n kó o jáde fún òwò, nítorí náà àwọn tí ẹ ń rí ní ṣọ́ọ̀bù London, ìran àwọn tí wọ́n ti ń sìn nínú ilé láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n. Àmọ́ ikùn wọn kò yí padà. Ewé, òdòdó àti kòkòrò ni wọ́n ń jẹ nílé wọn. Nígbà tí wọ́n bá wà ní kékeré, kòkòrò ló máa ń pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ti dàgbà bíi ti Kòrede yìí, ewé ló yẹ kó gba apá tó tóbi jù nínú oúnjẹ wọn, kí kòkòrò sì wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Bí mo ṣe ń sọ ewé yìí, kì í ṣe ewé olóòórùn ni mo ní lọ́kàn o. Ipò tí irú wà nínú ọbẹ̀ ni basil wà nínú àwo aláǹgbá: ó ń jẹ́ kó dùn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í fi irú nìkan se ọbẹ̀. Ohun tó yẹ kó kún àwo náà ni spring greens, rocket, watercress, endive, pẹ̀lú elégédé tí ẹ fi nǹkan ìrẹ́lá rẹ́ sí i. Tèmi, mi ò fẹ́ kí gbogbo ewé olóòórùn lápapọ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fún tiwọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí nǹkan kan kò sì ṣe é, ṣùgbọ́n ẹran tó bá ti mọ́ lára pé basil lòun ń rí lójoojúmọ́ kì í fẹ́ wo ewé mìíràn mọ́. Á máa ṣa basil jẹ, á sì fi èyí tó kù sílẹ̀.

Kí ló wá dé tí mo fi fara mọ́ basil? Ọ̀rọ̀ eegun ni. Ara aláǹgbá yìí ń fẹ́ kálísíọ̀mù púpọ̀, ṣùgbọ́n iye kálísíọ̀mù nìkan kọ́ la ń wò. À ń wò ó pọ̀ mọ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ wà nínú oúnjẹ kan náà. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá pọ̀ ju kálísíọ̀mù lọ, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í wá kálísíọ̀mù gbà lọ́wọ́ eegun. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, eegun á rọ̀: àgbọ̀n ìsàlẹ̀ á máa tẹ̀ lábẹ́ ìka, ẹsẹ̀ á wọ́, ìka ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n wìrìwìrì bó ti ń rìn. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí kálísíọ̀mù tó ìlọ́po méjì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Nínú 100 gíráàmù basil tútù, kálísíọ̀mù tó nǹkan bí 177 mílígíráàmù, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì jẹ́ 56, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ti dill jẹ́ 208 sí 66, òun náà dára. Coriander kò tó wọn, 67 sí 48 ni, ṣùgbọ́n kálísíọ̀mù ṣì lékè, oxalate inú rẹ̀, ìyẹn ohun kan tó ń dí kálísíọ̀mù lọ́wọ́, kò sì pọ̀. Ẹ wá wo ìrẹ̀ tí Kòrede ń rà ní ṣọ́ọ̀bù: fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ju kálísíọ̀mù lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún yín pé kí ẹ máa gbọn pàúdà kálísíọ̀mù sí ìrẹ̀ lára kí ẹ tó jù ú sí i.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan lè tan èèyàn jẹ. Parsley ní kálísíọ̀mù 138, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ sì jẹ́ 58. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní kí wọ́n máa fi parsley kún àwo dẹ́nu. Ohun tí nọ́ńbà náà kò sọ ni oxalate tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Oxalate máa ń di kálísíọ̀mù mú nínú ìfun, àwọn méjèèjì á sì jọ bá ìgbẹ́ jáde láìjẹ́ pé ara rí nǹkan kan lò níbẹ̀. Èyí tó bá sì ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè yọ kíndìnrín lẹ́nu. Parsley ní in dáadáa. Spinach náà ní in púpọ̀. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti ṣọ́ra gan-an, torí mo mọ bí kíṣìnnì wa ṣe máa ń rí: tẹ̀tẹ̀, gbúre àti pápásan tí ẹ bá rà nílé ìtajà àwọn ará ilé wa ní Peckham, oxalate kún inú wọn bámúbámú. Àwa máa ń bọ ẹ̀fọ́, a máa ń da omi rẹ̀ nù, ìyẹn sì ń dín in kù. Aláǹgbá ò sè é, bó ti rí ló ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ewé tẹ̀tẹ̀ sí i bí ẹ ti ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́wọ́.

Èyí kò sọ parsley di májèlé o. Ẹ lè rẹ́ díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹran tó ń jẹ oríṣiríṣi ewé, tó sì ń rí pàúdà kálísíọ̀mù rẹ̀ gbà, parsley díẹ̀ kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Àwọn tó ń kó sínú wàhálà ni àwọn tó ń jẹ ewé kan ṣoṣo láti oṣù dé oṣù torí pé òun ló wà nínú fíríìjì.

Mint, táìmù, oregano àti rosemary tún yàtọ̀. Bí a bá ní ká wo kálísíọ̀mù, gbogbo wọn yege. Táìmù tútù tilẹ̀ ju basil lọ fíìfíì. Òróró inú wọn ló ń dá mi dúró. Menthol ló ń mú kí mint máa tutù lẹ́nu, thymol ló ń mú kí táìmù máa ta sánsán, òróró wọ̀nyí sì lágbára fún ẹran tí gbogbo ara rẹ̀ kò wúwo ju 300 sí 500 gíráàmù lọ. Ewé kan kò lè pa á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe imú nìkan ló fi ń gbọ́ òórùn: ó ń fi ahọ́n tọ́ nǹkan wò, ó sì ń gbé òórùn náà lọ sí àjà ẹnu, níbi tó ti ń mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Bí mint bá pọ̀ nínú àwo, ó lè fi ahọ́n kan gbogbo ewé náà, kó sì kẹ̀yìn sí i. Rosemary ní tirẹ̀ le, ó rí ṣóńṣó, n kì í gbà á nímọ̀ràn fún ẹnikẹ́ni.

Òróró olóòórùn tí wọ́n fún sínú ìgò kékeré, èyí tí wọ́n ń kán sínú omi ìwẹ̀ tàbí sínú ẹ̀rọ tó ń tú èéfín olóòórùn sínú yàrá, kó má sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Àìmọye ewé ni wọ́n fún pọ̀ kí wọ́n tó rí ìwọ̀nba inú ìgò yẹn. Táìmù gbígbẹ inú agolo, èyí tí ẹ fi ń se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, òun náà kì í ṣe ti aláǹgbá. Omi ti gbẹ kúrò lára rẹ̀, gbogbo ohun tó kù ti le koko. Kọ́rì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ o. Ẹnìkan ti bi mí nípa zobo rí. Kò gbọdọ̀ mu zobo. Òdòdó hibiscus tútù tí wọn kò fín oògùn sí, ìyẹn dára fún un, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Màmá. Wọ́n lè bi yín pé ṣebí ẹfinrin náà ni basil. Ìbátan ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan. Basil súpámákẹ́ẹ̀tì ni Ocimum basilicum. Ẹfinrin ńlá tiwa, èyí tí a ń já sínú ọbẹ̀, Ocimum gratissimum ni, òróró inú tirẹ̀ sì máa ń kún fún thymol tàbí eugenol. Ẹ fọwọ́ ra ewé méjèèjì, kí ẹ gbóòórùn ìka yín, ẹ ó mọ èyí tó le. Bí ewé ẹfinrin kan bá ṣèèṣì bọ́ sí i lẹ́nu, ẹ má jáyà. Àmọ́ kí ẹ gún un, kí ẹ fún omi rẹ̀, kí ẹ wá dà á sí i lẹ́nu, ìyẹn ti kúrò ní oúnjẹ, oògùn nìyẹn.

Ewúro náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa bá Màmá jiyàn pé ewúro ń ṣiṣẹ́ lára èèyàn. Ohun tó ń mú kó korò, tó sì ń mú kó hó nígbà tí a bá ń fọ̀ ọ́, ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ohun kan náà ló sì lè ba ikùn ẹran kékeré jẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àgbàlagbà tó wúwo tó 60 kílò fi ìlọ́po 150 ju aláǹgbá tó jẹ́ 400 gíráàmù lọ. Ṣíbí kan tí Màmá bá fún un, ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún yín ní ṣíbí 150. Kò sì sí ẹni tó tíì fi ìdí ìwọ̀n kankan múlẹ̀ pé báyìí ni kí a ṣe máa fún aláǹgbá ní ewúro, kí àwa náà lè tẹ̀ lé e.

Ewu mìíràn tún wà nínú àgbo tó yàtọ̀ sí ewé inú rẹ̀. Bí ẹ bá la ẹnu aláǹgbá onírùngbọ̀n, ẹ ó rí ihò kékeré kan nísàlẹ̀, lẹ́yìn ahọ́n gẹ́lẹ́, tó ń ṣí, tó ń pa dé bó ti ń mí. Ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró nìyẹn. Ẹni tí kò mọ̀ á da omi sí àárín ahọ́n, ibẹ̀ ni omi sì máa gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Bó ti wù kí omi náà mọ́ tó, àìsàn èémí lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi sọ èyí fún Màmá. Àwọn ìyá wa mọ̀ nípa rírọ ọmọ lágbo, ọ̀rọ̀ omi tó ṣì ọ̀nà yóò tètè yé wọn ju ọ̀rọ̀ thymol lọ.

Nígbà tí mo ti ń sọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ: píà (avocado), èso àti ewé rẹ̀, májèlé ni fún un. Rhubarb náà kò dára, pàápàá ewé rẹ̀. Aloe vera tí àwọn kan ń gbé sínú ilé rẹ̀ fún ẹwà, omi pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ máa ń mú kí inú ẹran ṣí. Nínú ọgbà ilé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí comfrey, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ ó sì rí foxglove, tó ń dá ọkàn dúró, ewé àwọn méjèèjì sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà fi ń ṣì wọ́n mú. Bí Kòrede bá ń lọ já ewé fún un nínú ọgbà, kó jẹ́ ewé tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀ dájú.

Èyí tí mo fẹ́ kó mọ̀ ni dandelion. Bí ẹ bá mọ yánrin, ẹ ti mọ ìbátan rẹ̀: etí ewé tó rí gánrangànran, òdòdó òfeefèé, oje funfun tó ń jáde bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Ó ní kálísíọ̀mù 187 sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 66, ó ń hù káàkiri ní London láti oṣù kẹta, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ fún un ní ewé àti òdòdó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má já a létí títì, ẹ má já a níbi tí ajá ti ń tọ̀ nínú páàkì, ẹ má sì já a nínú koríko tí wọ́n ti fín oògùn apakoríko sí.

Oògùn náà ló kàn wá kan basil yín. Basil inú ìkòkò tí súpámákẹ́ẹ̀tì ń tà, wọ́n máa ń fi ọ̀pọ̀ irúgbìn há ara wọn mọ́ inú ìkòkò kékeré kan, wọ́n á fi ajílẹ̀ sáré gbé e dàgbà, a ò sì mọ ohun tí wọ́n fín sí i. Èèyàn á fọ̀ ọ́, á jẹ ẹ́, kò sí wàhálà. Ti aláǹgbá, ohun tí mo fẹ́ràn ni pé kí ẹ pín in sí ìkòkò mẹ́ta tàbí mẹ́rin pẹ̀lú ilẹ̀ tuntun, kí ẹ já àwọn ewé àkọ́kọ́ fún ọbẹ̀ tiyín, kí ẹ wá máa fún un ní èyí tó bá hù lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan. Kí ẹ má gbé ìkòkò náà sínú ilé rẹ̀ o. Ajílẹ̀ oníhóró inú ilẹ̀ yẹn jọ ohun tó ṣeé jẹ lójú rẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí iná rẹ̀ ti tàn fún wákàtí kan, kí ara rẹ̀ ti yá. Ẹ já ewé basil bíi mẹ́rin, ẹ ṣàn án lábẹ́ ẹ̀rọ omi, níwájú àti lẹ́yìn, ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ẹ má nù ún gbẹ. Omi tó bá kù lára ewé náà wúlò, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ya omi inú àwo sí. Ẹ to ewé náà léra, ẹ ká a bí ẹní, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí ègé kankan má ṣe fẹ̀ ju àlàfo tó wà láàárín ojú aláǹgbá náà méjèèjì lọ. Ẹ pò ó mọ́ àwọn ewé tó kù dáadáa, kó má ba à ṣa á. Kò sí iyọ̀, kò sí òróró, kò sí vinegar. Ẹ kó ohun tó bá ṣẹ́ kù kúrò ní ọ̀sán, kó má ba à rọ sínú àwo lábẹ́ iná. Bí ewé kan bá jẹ́ tuntun sí i, ẹ fún un ní ẹyọ kan, ẹ wo ìgbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó fi òmíràn kún un. Bí ẹ bá kó márùn-ún fún un lọ́jọ́ kan tí inú rẹ̀ sì ṣí, ta la fẹ́ bá wí?

Ojú fèrèsé yẹn tún rán mi létí nǹkan kan. Oòrùn tó ń gba inú gíláàsì wọlé tó basil láti dàgbà, ṣùgbọ́n kò tó aláǹgbá. Gíláàsì fèrèsé máa ń dá UVB, ìyẹn ìtànṣán oòrùn kan tí ojú kò lè rí, dúró, UVB sì ni awọ ara rẹ̀ fi ń ṣe fítámì D3, láìsí D3 kò lè rí kálísíọ̀mù inú gbogbo ewé tí mo kà sílẹ̀ yìí lò. Kò jọ ohun tí ẹ bèèrè, ṣùgbọ́n òun gan-an ni èmi máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò bí mo bá dé ilé yín. Ṣé iná UVB wà nínú ilé rẹ̀? Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn? UVB inú iná náà máa ń kú kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó kú. Ẹ ó máa rò pé ó ń ṣiṣẹ́ torí pé ó ń tàn. Èyí tó bá ti lé ní ọdún kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ti àwọn mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó ti ń yáàrùn, ooru ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí 38 sí 42 ní ìwọ̀n Celsius. Ẹ fi tẹmómítà wò ó, ẹ má fọwọ́ wò ó.

Ooru yẹn ló wá gbé wa dé ọ̀rọ̀ oṣù kọkànlá. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí gan-an ni ìṣòro iṣẹ́ wa. Aláǹgbá kì í ké, kì í sunkún, èyí tó ń sinmi àti èyí tó ń ṣàìsàn, bákan náà ni wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀. Àwọn tó ti dàgbà máa ń dẹwọ́ oúnjẹ nígbà òtútù, wọ́n á máa sùn, wọ́n á máa wá kọ̀rọ̀ lọ, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù méjì mẹ́ta. Àbínibí wọn ni, kì í ṣe àìsàn. Ọdún méjì tí tiyín jẹ́ bá a mu, oṣù kọkànlá náà bá a mu. Ṣùgbọ́n aràn náà lè mú kó má jẹun, gílóòbù ooru tó ti rẹ̀ náà lè fà á, eegun tó ń rọ̀ náà lè fà á.

Òṣùwọ̀n kíṣìnnì lẹ máa kọ́kọ́ fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ gbé e sínú abọ́ ike, kí Kòrede máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó kàn ń sinmi kì í rù tó bẹ́ẹ̀. Bó bá ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, tí ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀ tó sì ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí àgbọ̀n rẹ̀ wú, ẹ má dúró de ìgbà ẹ̀rùn. Láàárín àkókò yìí, ẹ má fi ipá bọ́ ọ. Oúnjẹ tó bá wà níkùn rẹ̀ láìsí ooru tó máa dà á á kàn máa rà síbẹ̀.

Ní ti aràn, Màmá lè tọ̀nà. Pinworm, ìyẹn aràn tín-ín-rín kan, wọ́pọ̀ nínú wọn, coccidia, kòkòrò inú ìfun tí ojú lásán kò lè rí, náà wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn pinworm kọ́ ni oògùn coccidia, àwọn kan sì ní díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun tí kò sì yọ wọ́n lẹ́nu, tí a kì í fi oògùn kankan kàn. Ìgbẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ maikirosíkóòpù ló ń sọ èyí tó jẹ́, ewúro ò lè sọ ọ́. Ẹ bu ìgbẹ́ tuntun sínú ike kékeré onídèérí, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò sí i lára, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá ṣeé ṣe lọ́jọ́ náà, ó lè sùn sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, nínú ike méjì, jìnnà sí oúnjẹ.

Ẹ fọwọ́ yín lẹ́yìn ìyẹn, kí Kòrede náà máa fọ tirẹ̀ nígbàkigbà tó bá gbé e. Salmonella, kòkòrò àìfojúrí tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru fún èèyàn, máa ń wà nínú ìfun aláǹgbá tí ara rẹ̀ le koko. Kó ní ọ̀bẹ tirẹ̀ àti pátákó ìrẹ́ewé tirẹ̀, ẹ má sì fọ àwo rẹ̀ nínú síǹkì tí ẹ ti ń fọ abọ́ oúnjẹ. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 bá wà nílé, tàbí tí ara Màmá kò bá le tó, kí wọ́n máa wò ó láti òkèèrè.

Kí ẹ tó gbé e kúrò nílé, ẹ kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn ẹranko tó sún mọ́ yín, ẹ bi wọ́n tààrà bóyá dókítà kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú ẹran afàyàfà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ajá àti ológbò nìkan ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í gbà á, ẹ ní kí wọ́n júwe ẹni tó ń gbà á fún yín, ẹ fi aṣọ tó móoru wé àpótí rẹ̀, ẹ kọ gbogbo ohun tó jẹ láti oṣù kọkànlá sórí ìwé, títí kan basil, kí ẹ sì mú ìwé ìwọ̀n Kòrede dání.